Ṣàkì Paris, Ṣàkì Òkè-Àfà: Ìtàn Àwọn Ará Oko Tí Ń Bọ́ Ìlú Ńlá

Ní ọjọ́ kan ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn nígbà kan rí wá gbé mi ní Òkè-Àfà. Ó ní òun fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí òun ní ilé oúnjẹ àwọn Faransé kan ní Victoria Island. Mo wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún àga onítìmùtìmù, fún ife tí ń dán àti iná aláràbarà. Nígbà tí a wọlé, ẹnu yà mí. Pákó tí wọn kò fá dáadáa ni tábìlì. Wọn kò rẹ́ ògiri, bíríkì rẹ̀ hàn síta bí ilé tí owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Agbọ̀n, ìkòkò bàbà àti ọkọ́ àtijọ́ ni wọ́n gbé kọ́ káàkiri. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní bí ilé oúnjẹ inú abúlé ṣe rí ní ilẹ̀ Faransé gan-an nìyẹn, àti pé torí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń wá síbẹ̀. A gbéra láti Òkè-Àfà, a gba orí afárá kọjá ọ̀sà, kí a lè lọ sanwó ńlá jókòó nínú ahéré.

Mo ní kí ọmọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ bá mi túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ wọn. Èkíní ni ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù tí a fi àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti ọtí èso ápù sè fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, bí wọ́n ṣe ń sè é ní ìlú Caen. Èkejì ni àkùkọ tí a rẹ sínú wáìnì kí ẹran rẹ̀ líle lè rọ̀. Ẹ̀kẹta ni cassoulet, ẹ̀wà funfun tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ sè. Mo pa ìwé náà dé. Ṣàkì, àkùkọ àti ẹ̀wà! Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ni mo ti ń jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Òkè-Àfà, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ páànù.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Kí ló dé tí oúnjẹ ará oko ilẹ̀ Faransé fi di ohun iyì ní gbogbo ìlú ńlá ayé, tí àwọn tí ń se ti ará oko tiwa fi ń sá kiri bí ẹni tó jalè? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ohun tí mo sì rí ni pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìkòkò. Inú ìtàn ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà, restaurant, kì í ṣe orúkọ ilé ní ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ omitooro ni, èyí tí wọ́n ń sè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí agbára rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ní nǹkan bí ọdún 1766, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mathurin Roze de Chantoiseau wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ilé sí Paris níbi tí ènìyàn ti lè jókòó ra irú omitooro bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, orúkọ ohun tí wọ́n ń tà di orúkọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kí ọ̀tẹ̀ ńlá ọdún 1789 tó bẹ́ sílẹ̀, Antoine Beauvilliers, ẹni tó ti dáná fún àbúrò ọba, ti ní ilé oúnjẹ olókìkí tirẹ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ilé àwọn olówó nìyẹn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni tábìlì onípákó àti ìkòkò ṣàkì ti wá.

Apọnmi àti aṣẹ́gità ni baba ńlá ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ oníṣe abúlé yìí. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, agbègbè olókè kan wà tí ń jẹ́ Auvergne. Òtútù ibẹ̀ mú, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ọmọ agbègbè náà ń wọ́ lọ sí Paris láti wá ohun tí wọn yóò jẹ. Wọ́n ń pọn omi gun àtẹ̀gùn ilé onílé. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, wọ́n gbájú mọ́ títà igi ìdáná àti èédú. Ọkọ a ru èédú lọ fún oníbàárà. Ìyàwó a dúró ti ìsọ̀, a sì máa bu wáìnì àti ọbẹ̀ gbígbóná fún ẹni tó bá yà. Bougnat ni àwọn ará Paris ń pè wọ́n, ìnagijẹ tí ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Yorùbá ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Àwọn aṣẹ́gità Auvergne náání èèpo igi tiwọn. Wọn kò fi oúnjẹ abúlé wọn pamọ́ nígbà tí wọ́n dé ìlú. Wọ́n gbé e ka iná lójú gbogbo ayé. Àwọn ará Alsace náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wá sí Paris nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn ní 1871, wọ́n sì gbé bíà àti kábéèjì kíkan wọn dání. Ní 1880, Léonard Lipp, ọmọ Alsace, dá ilé oúnjẹ kan sílẹ̀ ní Paris. Ní 1920, Marcellin Cazes, ọmọ àwọn òkè tí àwọn aṣẹ́gità ti wá, rà á. Orúkọ Lipp ṣì wà lójú ilé náà di òní, àwọn olóṣèlú àti àwọn òǹkọ̀wé pàtàkì sì ti jẹun níbẹ̀ láti ìran dé ìran.

Apá kejì ìtàn náà jẹ mọ́ àwọn alágbàṣe. Ọjà ńlá kan wà láàárín Paris tí ń jẹ́ Les Halles. Láti òru ni àwọn alábàárù ti ń sọ ẹrù níbẹ̀, ebi a sì máa pa wọ́n. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1850 sí 1860, ẹlẹ́ran kan tí ń jẹ́ Duval bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran bíbọ̀ àti omitooro fún irú wọn ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn ni Bouillon Chartier, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Ó ṣì wà níbẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ kò sì ga títí di ìsinsìnyí. Ní 1989, ìjọba ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé ìtàn tí òfin ń dáàbò bò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi: ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń jẹ oúnjẹ owó pọ́ọ́kú ni òfin ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún 1896 yẹn. Ọdún náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Èkó, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin fi oko sílẹ̀ láti wá gbẹ́ ilẹ̀, láti wá ru irin. Ta ni ó bọ́ wọn? Kò ṣe é ṣe kí wọ́n máa gbé ìyàwó àti ìkòkò kiri láti ibùdó kan dé òmíràn. Àwọn obìnrin tí ń gbé ẹ̀kọ, àkàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀bà tọ̀ wọ́n lọ ni wọ́n bọ́ wọn. Duval àti Chartier ní orúkọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ní.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ Yorùbá láti ra oúnjẹ jẹ. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861, a ti ní ọlẹ́kọ, a ti ní alákàrà àti ẹlẹ́wà. Ìlú ni àwọn ènìyàn wa ń gbé, oko wọn a sì máa jìnnà. Ìyàwó a lọ sí ọjà tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tètè kúrò nílé ní àárọ̀ a ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹni tó ti jí sè é. Ibi ìjókòó ni ohun tuntun tí ìlú ńlá mú wá, iyẹn bùkà. Láti inú èdè Hausa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bukka ni wọ́n ń pe àtíbàbà tàbí ahéré tí a fi koríko ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwàdà wa ló so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi di bùkátérìà. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó nínú ahéré ní Victoria Island, bùkà ni a jókòó sí, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Bùkà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni.

Bí àwọn ará Auvergne ṣe kún Paris ni àwọn ará oko tiwa ṣe kún Ìsọlọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ wá síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà láàárín 1979 sí 1983, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Òkè-Àfà, èyí tí a ń pè ní Jakande Estate títí di òní. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá wà, olóúnjẹ kò ní í jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú wá. Ìjẹ̀bú gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Èkìtì gbé odó rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń fi ewé pọ́n ìrẹsì Ọ̀fàdà, ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí wàràkàṣì Roquefort ṣe ń jẹ́ orúkọ abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láti 1925 ni àwọn aṣòfin Faransé ti ṣe òfin lórí ẹni tó lè pe wàràkàṣì rẹ̀ ní Roquefort. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jẹ Ọ̀fàdà kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ìlú ni.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò kọ rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ Òkè-Àfà fún oúnjẹ. Odò tí a gbẹ́ sí ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Ilé ohun ìjà àwọn ológun bú gbàmù ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì kó sínú omi náà nínú òkùnkùn. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ni mo jẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, etí omi ni mo ń jí lọ. Obìnrin kan wà tó ń ta oúnjẹ lábẹ́ àtíbàbà nítòsí ibẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ náà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bu ẹ̀wà fún àwọn tí ń wá ọmọ wọn, ó bu fún àwọn tí ń yọ òkú, ó sì bu fún àwa akọ̀ròyìn tí ìtìjú kò jẹ́ kí a béèrè. Ó ní, “Ẹ jẹun. Ẹni tí ebi ń pa kò lè wá ènìyàn.”

Mo kọ orúkọ gbogbo aláṣẹ tó wá síbẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹni tó bá wọn wá àti ohun tí wọ́n sọ. N kò kọ orúkọ obìnrin náà. Mo sì tún jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. “Ìyá Ẹlẹ́wà” ni mo ń pè é. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dé sí ojú ọ̀nà náà. Mo débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ ti pẹrẹsẹ. N kò mọ orúkọ tí mo lè fi béèrè ibi tó gbà lọ.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ bùkà sí etí omi. Ẹni tó bá ń gbé Òkè-Àfà mọ ohun tí òjò ń ṣe nígbà tí omi kò bá rí ọ̀nà gbà. Àwọn Faransé náà kó ọjà kúrò láàárín ìlú rí. Ní 1969, wọ́n kó Les Halles lọ sí Rungis, lẹ́yìn odi Paris, nígbà tó di pé ọjà náà ti há jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ Rungis tán kí wọ́n tó sọ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n kẹ́rù. Àwọn ilé oúnjẹ kan tó ń bọ́ àwọn alábàárù ṣì wà ní àyíká ọjà àtijọ́ náà. Au Pied de Cochon jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí. Èyí ni mo ń wí. Bí a bá fẹ́ kó olóúnjẹ kúrò, ẹ jẹ́ kí ibi tí a ń kó o lọ ti wà nílẹ̀, kí omi wà níbẹ̀, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló ń dùn mí jù. Ẹ wo bí bùkà wa ṣe ń gba orúkọ. Ní Èkó, “Ghana High” gba orúkọ rẹ̀ nítorí àwọn aṣojú ìjọba Gana tó wà nítòsí rẹ̀. Ní Bódìjà, Ìbàdàn, “Amala Skye” gba tirẹ̀ nítorí báńkì Skye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 2018, báńkì náà pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Àmàlà kò pàdánù tirẹ̀. Orúkọ báńkì kú tán, àfi lẹ́nu àwọn tí ebi ń pa. Òye àwa Yorùbá ni pé a kì í pe àgbà lórúkọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wà, Ìyá Alámàlà, Ìyá Olóúnjẹ: ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò kọ orúkọ sílẹ̀ yóò bá ẹni náà wọ ilẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wí pé ìyá àgbà òun ló bọ́ Òkè-Àfà, ìwé wo ni yóò fà yọ?

Àwọn tó kọ tiwọn sílẹ̀ ti ń jẹ èrè rẹ̀. Ní 2010, àjọ UNESCO fi àṣà ìjẹun àwọn Faransé kún ogún àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2022, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì gígùn wọn kún un, búrẹ́dì tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ àti Kétu mọ̀ dáadáa láti ìgbà tí ilẹ̀ wọn ti bọ́ sábẹ́ Faransé. Kí ẹ má wí pé òyìnbó nìkan ni: Senegal gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja tirẹ̀ lọ síwájú àjọ náà, wọ́n sì gbà á ní 2021. Àwọn òyìnbó kan náà ti ń jẹ tiwa. Ilé iṣẹ́ táyà Michelin ti ilẹ̀ Faransé ti ń tẹ ìwé atọ́nà rẹ̀ láti 1900. Ní 2024, ìwé náà fún Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà tí ń se oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní London, ní ìràwọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ìgbà tí Faransé bá tọ́ ọ wò tán ni a óò tó mọ̀ pé ó dùn?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jẹ àmàlà ní bùkà kan tí kò jìnnà sí Jakande Estate. Ṣàkì ibẹ̀ rọ̀, kò sì sí ọtí ápù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sanwó tán, mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín gan-an, kì í ṣe ti ọmọ yín?” Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé kò sí o? Ṣé wọ́n fẹ́ wó ibí náà ni?”

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà mí gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró, wọ́n sì sọ orúkọ tiwọn, ti bàbá wọn àti ti ìlú wọn. Wọ́n dúró tì mí kí n kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí n kà á sí àwọn létí.